Ojú Tí Mo Bó Nílé Olóbì

Nílé wa ní Ṣàgámù, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í dilẹ̀. Àlejò tó bá wọlé, tó kí wa, tó jókòó sórí àpótí, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ òun náà á fi wọ inú agbọ̀n obì. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ẹnu ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ń bó obì, ìgbà tó bá fẹ́ dìde ni yóò tó rí òkìtì èèpo níwájú ara rẹ̀. Òwò tí ìyá bàbá mi fi lé àwọn ará ilé wa lọ́wọ́ nìyẹn, inú rẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí.

Ẹni tí kò bá gbé nílé olóbì rí lè máà mọ̀ pé gbàǹja kì í ti orí igi wá bí a ṣe ń rí i lọ́jà. Bí a bá la èso rẹ̀, awọ funfun kan tó nípọn ló bo obì náà. A ó rẹ ẹ́ sómi, tàbí ká fi ewé tútù bò ó títí awọ náà á fi rọ̀, lẹ́yìn náà làwọn obìnrin á jókòó yí i ká, wọn á máa fi àtàǹpàkò ṣí i kúrò. Òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí iṣẹ́ náà: má fi èèpo sílẹ̀. Ibi tí èèpo bá kù sí lára obì, ibẹ̀ ni yóò ti dúdú, ibẹ̀ ni yóò ti jẹrà, àwọn oníbàárà wa tó ń ti Òkè Ọya wá á sì sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tí mo ti ń rákò ni mo ti ń gbọ́ ọ. “Wò ó dáadáa, èèpo kù níbẹ̀.” Ìyá mi a máa sọ ọ́ ju bó ṣe ń pe orúkọ mi lọ.

Ìyá mi ló mọ̀ ọ́n bó jù nínú àgbàlá náà, kì í ṣe torí pé ó bí mi ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè máa bá mi jà, kó máa dá ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì lóhùn, kó tún máa tòògbé, àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ kò ní ṣìnà. Èékánná rẹ̀ kì í ha obì. Àárò ọwọ́ yẹn ń sọ mí. Ó máa ń rùn bí ewé àti omi obì, bó ti wù kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó, abẹ́ èékánná rẹ̀ kì í mọ́. Mo kórìíra òórùn yẹn nígbà náà. Ká ní mo lè rí i rà lónìí, n óò rà á.

Ìgbà tí mò ń sọ yìí, kò tíì pẹ́ tí wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, a ṣì máa ń rìn lọ wo àwọn ọkọ̀ tó ń sáré kọjá bí ẹni tó lọ wo ìran. Mo ti dàgbà tó ẹni tó ń lọ sílé ọkọ. Ọkùnrin kan láti Ìkẹ́nnẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọlúwàbí ènìyàn, ti ń wá sílé wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ mọ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi wà ní Òkè Ọya pẹ̀lú obì rẹ̀ bó ṣe máa ń wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún, ṣùgbọ́n ó ti ránṣẹ́ pé òun fọwọ́ sí i. Ìyá ọkùnrin náà nìkan ló kù.

Ojú mi ni ìṣòro. Mo dúdú, dúdú mi sì tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ má rò pé ẹni tó ń bóra ni mí. Irorẹ́ ló bà á jẹ́. Láti ìgbà tí ọmú ti yọ láyà mi ló ti dé, nígbà tó sì máa lọ, kò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó fi àpá dúdú dúdú sílẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé àgbọ̀n, ojú mi wá rí bí àgbàlá tí adìyẹ ti ha kiri. Mo ti gbìyànjú oje ọsàn wẹ́wẹ́. Mo ti lo ọṣẹ dúdú, mo lo oyin, mo lo ohun kan tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin pò fún mi tí kò fẹ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àpá náà kàn ń wò mí nínú dígí ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí ló ń ṣe alárinà, òun ló sì gbé ọ̀rọ̀ náà wá láti Ìkẹ́nnẹ́. Ẹnìkan ti sọ fún ìyá ọkùnrin náà pé àrùn ara ló wà lójú mi, irú èyí tí ọmọ máa ń bá wáyé. Obìnrin náà ò bá wa jà o. Ó kàn ní kí àwọn ọkùnrin tó jókòó dá ọjọ́ tí wọn yóò so yìgì, òun fẹ́ wá fi ojú òun rí ojú mi, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí n má sì kun àtíkè. Bí ohun tí òun gbọ́ bá jẹ́ òótọ́, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ.

Inú bí mi. Mo ní ṣé màlúù ni mí tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó rà? Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Olóbì ni obìnrin yẹn náà, òun àti ìyá mi ti jọ pàdé lọ́jà láìmọye ìgbà. “Ta ló ń ra obì láìyí i padà?” ló wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun, nítorí mo mọ̀ pé bí ìyá rẹ̀ bá ní rárá, ọkùnrin náà á sunkún, ṣùgbọ́n á gbọ́ tìyá rẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Nọ́ọ̀sì. Ìlú òyìnbó ló ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ó wá ṣí ilé ìṣaralóge kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, yàrá iwájú fún irun, yàrá ẹ̀yìn fún awọ ara. Èmi àti ìyá mi la jọ lọ. Nọ́ọ̀sì gbé mi sídìí fèrèsé, ó wo ojú mi títí, ó ní kì í ṣe àrùn, àpá lásán ni, òun sì ní oògùn tó lè bó o.

“Oògùn wo nìyẹn?” ìyá mi bi í.

“Ásíìdì ni, Ìyá.”

“Èyí tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì mọ́tò?” Ìyá mi ti di apá mi mú, ó ti ń dìde.

Nọ́ọ̀sì ní kó fara balẹ̀, pé ti mọ́tò á jẹ ojú ènìyàn dé egungun, èyí ò le tó bẹ́ẹ̀. Awọ òkè tó ti gbó nìkan ló ń ṣí kúrò, kí tuntun lè yọ lábẹ́ rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wá rárá. Ó ní àpá dúdú á dínkù, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti jinlẹ̀ bíi kòtò ò ní dí. Ó ní á ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata rẹ́ mi lójú, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú á le, á máa fà bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí, á tún dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí n má ṣe bẹ̀rù. Ẹ̀bá ẹnu ni yóò ti kọ́kọ́ sán, awọ á sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Kí n máa fi omi lásán bọ́jú, kí n máa fi fasilíìnì pa á, kí n má jẹ́ kí oòrùn kàn mí láìsí agbòòrùn.

“Èyí tó ṣe pàtàkì jù,” ó wí, ó sì tún jókòó dáadáa, “awọ tó bá ń ṣí, má fà á. Kí ẹnikẹ́ni má fà á. Èyí tó bá tó àkókò á já fúnra rẹ̀. Awọ dúdú bíi tiwa máa ń bínú. Bí o bá fi ipá mú un, ibi tí o ti mú un gan-an ni yóò ti dúdú, yóò sì pẹ́ kó tó gbàgbé.”

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ni ìyá mi ń wí sí gbogbo rẹ̀, ó sì ń mi orí.

Àwọn ọmọbìnrin ìwòyí máa ń bi mí bóyá kí àwọn ṣe é, wọ́n á gbé fóònù dání, wọ́n á fi àwòrán ojú tó ń dán hàn mí. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe é fún wọn. Nọ́ọ̀sì yẹn ò kan ojú mi lọ́jọ́ náà. Ó kán oògùn náà díẹ̀ sí mi lẹ́yìn etí, ó ní kí n lọ sílé, kí n padà wá kí òun wo bí ara mi ṣe gbà á. Ẹni tó bá ń kánjú láti gba owó wọn, kí wọ́n sá fún un.

Ọjọ́ tó ṣe é, ó fi òwú bo ojú mi méjèèjì, mo dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, oògùn náà sì ń rùn bí ọtí kíkan. Ó kọ́kọ́ tutù. Lẹ́yìn náà ni iná dé. Ata tó wí yẹn, ata rodo ni, kò sọ fún mi pé rodo ni. Ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi, ìyá mi di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń ṣe bísímílà bí ẹni pé wọ́n ń gbẹ̀bí mi. Bí mo ṣe fẹ́ pariwo báyìí ni ó rọlẹ̀. Ìyá mi ṣì di ẹsẹ̀ mi mú pinpin, Nọ́ọ̀sì ló sọ fún un pé ó ti parí.

Ìyá mi fi ìborùn rẹ̀ bò mí lórí títí a fi délé. Nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin kan rora bi í léèrè bóyá ọkọ ọmọ náà ló lù ú. Nígbà tí a wọ àgbàlá, àwọn ìyàwó ilé ti ń dúró dè wá. Ọ̀kan ní, “Wọ́n ti rẹ ẹ́ sómi.” Ìkejì ní, “Ẹ wá ewé bò ó, kó lè tètè rọ̀.” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n ojú mi ti ń le, n kò lè ya ẹnu. Ìyá mi fi ìró bo fèrèsé yàrá mi kí oòrùn má bàa wọlé, ó ń gbé ẹ̀kọ mímu wá bá mi. Nínú gbogbo ìgbà tí mo fi gbé nílé wa, n kò rò pé ó kẹ́ mi tó ìgbà yẹn rí.

Gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì wí ló ṣẹ bó ṣe wí i. Ojú le, ojú dúdú, ẹ̀bá ẹnu sán. Awọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ohun tó sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀ dán débi pé mo máa ń jí wo dígí bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Inú mi dùn. Yàrá sú mi, mo jáde lọ jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin lábẹ́ ibòòji lọ́sàn-án ọjọ́ kan, agbọ̀n obì wà láàárín wa. Ìyá mi ló kọjú sí mi. Ó ń sọ ìtàn ìbátan wa kan ní Ògèrè tó fi ilé ọkọ sílẹ̀ nítorí ewúrẹ́, gbogbo wa ń gbọ́, gbogbo wa ń bó obì.

Awọ kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi tó ti ṣí lápá kan, tó ń fì. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, n kò kàn án. Mo rí i tí ojú ìyá mi bọ́ sórí rẹ̀, tí ó kúrò, tí ó tún padà. Ó ń bá ìtàn ewúrẹ́ lọ. Ó ní, “Dúró ná,” ó fi ọwọ́ òsì di àgbọ̀n mi mú, mo rò pé ó fẹ́ nu nǹkan kúrò lójú mi ni. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ wọ abẹ́ awọ náà, ó sì fà á lẹ́ẹ̀kan, títí dé ibi tí kò tíì tó àkókò rárá. Kí n tó ké, ó ti sọ ọ́ sínú agbọ̀n èèpo obì.

Ẹ̀jẹ̀ rú jáde. Àwọn obìnrin fi obì ọwọ́ wọn sílẹ̀.

“Ìyá, Nọ́ọ̀sì ní kí ẹnikẹ́ni má fà á.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́.” Ó ń wo àtàǹpàkò rẹ̀. “Mo rí i pé èèpo kù níbẹ̀. Mo ní bí a bá fi sílẹ̀, ibẹ̀ ló máa dúdú.”

Mo sọ̀rọ̀ sí i lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ síyàá. Ìyókù ojú mi ń jáde bí ojú tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ṣe bí Nọ́ọ̀sì ti wí. Ó dúdú kiríkirí, ó tó awẹ́ obì kan, ó sì burú ju irorẹ́ lọ nítorí pé òun nìkan ló dá wà. A padà lọ bá Nọ́ọ̀sì. Ó pòṣé, ó fún wa ní ìpara, ó ní á lọ tó bá yá. Ìyá mi bi í bóyá á lọ kí àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ tó dé.

“Rárá, Ìyá. Kò ní lọ kí wọ́n tó dé.”

Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ò ti bó obì mọ́. Á jáde wá jókòó, á ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìró rẹ̀, á máa wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rín kúrò nínú àgbàlá wa. Ó fẹ́ kí wọ́n sún ìbẹ̀wò náà síwájú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ̀, ó ní wọ́n á sọ pé a ń fi nǹkan pamọ́, ọ̀rọ̀ àrùn tí wọ́n gbọ́ á wá di òótọ́. Èmi ti wá irọ́ sílẹ̀ ní tèmi: mo máa sọ pé òróró gbígbóná ló ta sí mi níbi tí mo ti ń dín àkàrà.

Wọ́n dé lọ́sàn-án, obìnrin mẹ́ta. Ìyá ọkùnrin náà ló ga jù nínú wọn, ó wé gèlè funfun, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó jókòó, ó mu omi, ó kí ìyá mi dáadáa, lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n pè mí. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo dojú kọ ilẹ̀.

“Gbójú sókè.”

Mo gbé e sókè. Oòrùn wà níbẹ̀ dáadáa. Ojú rẹ̀ lọ sí iwájú orí mi, ó bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó dé òsì, ó sì dúró.

“Kí nìyí?”

Mo ya ẹnu láti pa irọ́ òróró mi.

“Ọwọ́ mi ni,” ìyá mi wí. Ó ti dìde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wúkọ́ kó lè dákẹ́, kò dákẹ́. “Ọmọ mi ò ní àrùn kankan. Irorẹ́ ló ní, bí gbogbo ọmọ ṣe ń ní in. Nítorí yín ló ṣe lọ fi oògùn bó ojú rẹ̀, ó sì ń bó lọ dáadáa. Wọ́n ní ká má fà á. Èmi ni mo fà á. Mo rí èèpo, mo bó o. Bí ẹ bá máa kọ̀ ọ́, ẹ má sọ pé nítorí àrùn, ẹ sọ pé nítorí ìyá rẹ̀.”

N kò gbọ́ kí ìyá mi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì lè nù ún.

Obìnrin náà sún mọ́ mi, ó fi ọwọ́ òsì di àgbọ̀n mi mú, ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sínú oòrùn, ó tẹ̀ síwájú wò ó. Létí ibi tó dúdú náà, awọ gbígbẹ kékeré kan ṣì kù tí kò tíì já. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Mo mọ ojú yẹn, inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ dìde láti orí itan rẹ̀, ó ń bọ̀. Ó kù díẹ̀ kó kàn mí kó tó dúró, obìnrin náà sì ń wo ìka ara rẹ̀ bí ìka ẹlòmíràn.

Ó rora fi àgbọ̀n mi sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di èkejì mú, ó ti méjèèjì bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀, ó sì kọjú sí ìyá mi.

“Àna mi,” ó wí, “ẹ gbé ìyàwó mi kúrò níwájú mi, kí n tó bó ìyókù.”

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló sì fi sunkún.